Pálọ̀ ni mo san owó fún ní Bogotá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí a ti Bogotá, olú-ìlú Kòlómbìà, dé. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìyá rẹ̀ rìnrìn-àjò, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àna ló ń gbé wọn lọ, kó má gba yàrá lásán. Kó gba ibi tó ní pálọ̀ àti kíṣìnì. Bí hòtẹ́ẹ̀lì náà ò tiẹ̀ ju ìràwọ̀ mẹ́ta lọ, kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ ọmọ Kòlómbìà. Houston ni wọ́n ti pàdé, ṣùgbọ́n àwọn òbí ìyàwó ní ilé àwọn làwọn ti máa fa ọmọ àwọn lé ọkọ lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Bí èmi àti màmá ṣe wọ bàálù ní Houston ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 nìyẹn, a lo bíi wákàtí márùn-ún lójú ọ̀run kí a tó sọ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú El Dorado. Yàrá méjì ni àbúrò mi fẹ́ gbà fún wa ní hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kan. Mo ní rárá. Mo fi owó tó dín sí ìyẹn gba suite kan ní àdúgbò Chapinero, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lára àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri Gúúsù Amẹ́ríkà. Yàrá ìbùsùn méjì ló ní, pálọ̀ kan, tábìlì oníjókòó mẹ́rin, àti kíṣìnì kékeré tó ní sítóòfù iná olójú méjì, fìríìjì àti ìkòkò mẹ́ta. Alẹ́ mẹ́sàn-án la sùn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkè ná, kí ẹlòmíì má baà kó sí i láìmọ̀. Bogotá fi mítà 2,640 ga ju ojú òkun lọ. Houston tí a ti wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Màmá mi ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Àtẹ̀gùn mẹ́fà péré ni wọ́n gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́, ni wọ́n bá dúró, wọ́n fi ọwọ́ lé àyà. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ibí yìí fúyẹ́ o." Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò ò bi wá ní nǹkan kan, ó lọ gbé ife omi gbígbóná méjì wá, ewé olóòórùn dídùn wà nínú rẹ̀, aromática ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí a má rìn jìnnà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gba ìmọ̀ràn ọmọ yẹn. Òtútù náà wà: lóru, ó lè lọ sílẹ̀ dé bíi 9 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀pọ̀ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ò sì ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ẹ béèrè kúbùsù kejì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ mú páàsípọọ̀tù yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó pẹ̀lú. Òfin Kòlómbìà ni pé àjèjì tí kì í gbé ibẹ̀, tó wá ṣèbẹ̀wò, kì í san owó orí IVA lórí yàrá, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni owó náà. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé owó tiwa. Mo fi òǹtẹ̀ ìwọ̀lú hàn wọ́n, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò láìjiyàn.

Oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó yàrá. Changua ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa: wàrà gbígbóná tí wọ́n fi omi là, tí wọ́n fọ́ ẹyin sí, àlùbọ́sà eléwé lórí, búrẹ́dì gbígbẹ nísàlẹ̀. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Màmá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rọra ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Ọlọ́run á máa bù sí i fún wọn." Mo ti mọ ohun tó kàn. Mo gba tasí, mo lọ sí ọjà Paloquemao.

Ẹni tó bá dé Bogotá tí ò dé Paloquemao, mo káàánú rẹ̀. Òdòdó lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹrù rẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Ẹ bá tún wọnú lọ, ẹ̀ ń rí gbáàgúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, píà tó tó orí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn gbáàgúdá ni mo ti rí isu. Isu gidi, eèpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ñame ni wọ́n ń pè é. Etí òkun Caribbean lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gbìn ín, ní Córdoba, Sucre àti Bolívar, torí òkè ti tutù jù fún un. Èyí tí wọ́n ń pè ní ñame espino nínú rẹ̀, òun ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Dioscorea rotundata, isu funfun tí à ń gún níyán nílé gan-an. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti wá, ó bá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá. Cartagena ni èbúté tí wọ́n ti ń já wọn sílẹ̀. Mo gbé isu náà sọ́wọ́, mi ò tètè lè béèrè iye tó jẹ́.

Nígbà tí mo gbé e dé, màmá bọ́ súwẹ́tà, wọ́n ró ìró mọ́ àyà. Ọ̀bẹ hòtẹ́ẹ̀lì ò mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bẹ ẹ́ lórí páálí tí mo tẹ́ sílẹ̀, èèpo ń jábọ́ nípọnnípọn, inú isu funfun bí owú. Epo pupa tí wọ́n dì sínú aṣọ láti Houston la fi dín ata. Láti ìgbà tí a ti wọlé, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí màmá ń kọrin. Hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá wo ló fẹ́ ṣe ìyẹn fún mi?

Ẹ̀wà, fríjoles ní èdè wọn, ló kọ̀ fún wa. Mo ra èyí tí wọ́n ń pè ní cargamanto, pupa àti funfun ló pín ara rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán la gbé e kaná. Nígbà tó di aago méje alẹ́, ó ṣì ń ró lẹ́nu bí òkúta. Gíga òkè ló fà á: omi ti ń hó níbẹ̀ nígbà tí kò tíì ju bíi 91 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń hó lóòótọ́, àmọ́ iná inú rẹ̀ ò tó. Àbúrò mi sọ ọ́ fún àwọn àna wa lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ìyàwó wa gbé ìkòkò kan wá tí wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ wé, olla pitadora, ìkòkò tó ń súfèé, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pressure cooker. Wọ́n ní kò sí ilé tí ò ní in ní ìlú àwọn.

Ìyá ìyàwó ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Yorùbá. Màmá mi ò gbọ́ Spanish. Àwọn méjèèjì dúró nínú kíṣìnì tí ò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ìyá ìyàwó mú ọwọ́ màmá, wọ́n fi lé ìdérí, wọ́n yí i títí ó fi dún kó, wọ́n fi ìka hàn wọ́n ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Nígbà tí ìkòkò súfèé, màmá fò sẹ́yìn díẹ̀, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú. Kò pé wákàtí kan tí ẹ̀wà fi rọ̀. Ìyá ìyàwó wá pe màmá ní "consuegra". Mo bi ìyàwó wa pé kí nìyẹn. Ó ní orúkọ tí ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó ń pe ara wọn ni. Mo ní, ìyẹn ni pé àna. Gẹ̀ẹ́sì tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Èdè ìyá tiwọn ní, tiwa náà ní.

Ohun tó dùn mí ni ti ọjọ́ Sunday. Àwọn àna wa mẹ́jọ ń bọ̀ wá kí wa lọ́nà ètò. Wọ́n pẹ́ díẹ̀, torí láti aago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán lọ́jọ́ Sunday, wọ́n máa ń ti àwọn ojú ọ̀nà ńlá, Carrera Séptima nítòsí wa wà lára wọn, kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn òṣìṣẹ́ ní àlejò tó bá máa gòkè á san owó, ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn ò sì ní gbà ju mẹ́rin lọ. Kí ọ̀rọ̀ mi yé yín o: pé kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ àlejò sílẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Kòlómbìà ní òfin 679 ti ọdún 2001 tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ àwọn tó ń fi wọ́n ṣòwò ìṣekúṣe, ó sì yẹ kí hòtẹ́ẹ̀lì la ojú sílẹ̀. Àmọ́ kí bàbá àti ìyá ìyàwó san owó kí wọ́n tó wọlé kí àna wọn? Pálọ̀ ni ẹ tà fún mi. Àga wà níbẹ̀. Mo ti san owó àga yẹn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, mo tún bẹ̀bẹ̀. Nígbẹ̀yìn, mo san owó àwọn àgbà mẹ́rin láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin jókòó sísàlẹ̀, mo ń gbé abọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú lífìtì. Títí di òní, tí mo bá rántí, ara mi ń gbóná. Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Nǹkan méjì ni mo béèrè: kí wọ́n yọ owó àlejò kúrò lórí àwọn yàrá tó ní pálọ̀, kí wọ́n sì fi ìkòkò tó ń súfèé kan sí kíṣìnì kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n tún ti omi ní ọjọ́ kan. Ọ̀dá ti mú kí adágún tó ń bọ́ ìlú fà, láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 yẹn ni ìjọba ìlú ti ń ti omi agbègbè kan fún wákàtí 24 nígbà náà, tí yóò tún kan òmíràn. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí n tó ka ìwé náà tán, màmá ti pọn omi kún gbogbo ìkòkò.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ìyá ìyàwó kọ̀ láti gba ìkòkò wọn padà. Màmá dì í sínú àpò ọwọ́. Ní El Dorado, obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò ní kí a ṣí i. Ó tú aṣọ ìnuwọ́, ó gbé ìdérí sókè, ó wo inú ìkòkò, ó wo màmá.

Ó ní, "¿Fríjoles?"

Màmá ti mọ ìyẹn. Wọ́n ní, "Fríjoles." Obìnrin náà dé ìkòkò padà, ó sì bá wa wé aṣọ náà mọ́ ọn bí ìyá ìyàwó ṣe wé e.