Bátìrì kọ́ ló ń bá a mí

Ní Adó, ní Ìkéré, ní Ìjerò, ẹ sáà dárúkọ pesimékà, ẹ̀rọ tí àwọn dókítà ń fi sábẹ́ awọ àyà fún ẹni tí ọkàn ń dà láàmú, ọ̀rọ̀ méjì lẹ ó gbọ́. Ẹnì kan á ní: "Tí bátìrì ẹ̀ bá ti kú, ó parí nìyẹn." Ẹlòmíì á ní: "Ẹni tó ní in láyà ò lè kú bọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa mú ọkàn ẹ̀ lù." Ìgbàgbọ́ kan náà ló bí méjèèjì, pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ọkàn ṣe.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan tó jọ òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kejì o, màá dé ibẹ̀.

Ẹran ni ọkàn. Ibì kan wà lápá òkè rẹ̀ tó ń ta iná kékeré, iná yìí ló ń pàṣẹ fún ẹran náà pé kó súnkì, kó ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Lára àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ìgbà 60 sí 100 ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọjọ́ orí tàbí àìsàn bá ba ọ̀nà tí iná náà ń gbà jẹ́, àṣẹ ò ní dé ibi tó ń lọ mọ́. Ọkàn lè wá máa lù ní ìgbà 30 péré. Ojú á ṣókùnkùn, bàbá á ṣubú nínú balùwẹ̀, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Irú èyí ni pesimékà wà fún. Ìlù ni ẹ̀rọ yẹn ń lù, ẹran ọkàn ló ń jó. Bí oníjó bá ti kú, kí ìyáàlù dún títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹsẹ̀ kan ò ní kúrò nílẹ̀.

Wọn kì í la àyà láti fi í síbẹ̀. Abẹ́ eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká, lápá òsì ló wọ́pọ̀, ni wọ́n ti ń la awọ díẹ̀, tí wọ́n á sì ti wáyà tín-ín-rín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé inú ọkàn. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú tipiri ni wọ́n sábà ń lò. Ẹ̀yin tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣájì rẹ̀ nígbà tí iná ọba bá lọ: wọn kì í ṣájì rẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ lè lo ọdún 5 sí 15, ó wà lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Kó tó tán, oṣù mélòó kan ṣáájú ló ti máa ń fi àmì hàn nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní kíliníìkì, wọ́n á sì yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Wáyà àtijọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí ọkàn wọn ò lè dá lù dáadáa mọ́ láìsí ẹ̀rọ, irú wọn ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọkàn wọn ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kàn ń ṣọ́ ọ ni, tó bá fà sẹ́yìn, á dá sí i.

Ẹ gbọ́ ìtàn Arne Larsson, ará Sweden. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi pesimékà sínú ara rẹ̀, ní Stockholm, lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Åke Senning ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Rune Elmqvist ló ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ò lò ju wákàtí mélòó kan lọ tó fi bàjẹ́, Larsson ò sì bá a lọ. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún un títí tó fi lo 26. Senning kú, Elmqvist kú, ó ṣì wà láyé. Ọdún 2001 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 86, àrùn jẹjẹrẹ ló sì pa á. Ẹ̀rọ ò dá jẹjẹrẹ dúró.

Ẹ̀rọ míì wà tí wọ́n ń pè ní ICD. Ó yàtọ̀ sí pesimékà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà kan náà ni wọ́n ń fi í sí. Nígbà míì, apá ìsàlẹ̀ ọkàn á ṣàdédé máa gbọ̀n yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́, kò ní ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti pa èèyàn. ICD á rí i, á fi iná gbé ọkàn náà kó lè padà sí bó ṣe ń lù tẹ́lẹ̀. Dókítà Michel Mirowski, ọmọ Poland, ló lé e títí tó fi ṣeé ṣe, nígbà tí irú ikú bẹ́ẹ̀ pa ọ̀gá rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ara èèyàn, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tó ń wo bọ́ọ̀lù mọ Christian Eriksen, tó ṣubú lulẹ̀ nígbà tí Denmark ń bá Finland gbá lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ara pápá ni wọ́n ti fi iná jí ọkàn rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi ICD sí i láyà. Òfin Italy ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún Inter mọ́, ló bá gba England lọ, ó gbá fún Brentford, ó gbá fún Manchester United. Àwọn kan á ní ẹni tó ní ẹ̀rọ láyà ò gbọdọ̀ gbé garawa omi pàápàá; ẹ wo Eriksen.

Ibi tí òótọ́ díẹ̀ wà nìyí. Bí alàgbà kan tó ní ICD bá ń kú lọ nítorí àìsàn mìíràn, ọkàn rẹ̀ lè dàrú lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ̀rọ á sì máa fi iná gbé e. Àwọn ọmọ á rí i tí ara bàbá ń ta gìrì, wọ́n á ní ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kó lọ. Kò dá ikú dúró o, ó kàn ń ni bàbá lára ni. Dókítà lè pa apá tó ń ta iná yẹn láìla ara rárá, wọ́n tilẹ̀ lè gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e láyà fúngbà díẹ̀. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ojú ikú. Pesimékà ní tirẹ̀ kì í fi iná gbé èèyàn báyẹn. Ó lè máa ta iná kékeré rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ̀mí bá ti bọ́, ẹran ọkàn ò ní dá a lóhùn. Ẹ lè sin òkú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ń sun òkú níná ló ń yọ ọ́, kí bátìrì má bàa bú gbàù.

Ti ọkàn tó ti rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí èèyàn ò lè sùn gbalaja kó má mí gúlegúle, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà ń fà á lọ́dọ̀ wa. ICD kì í wo èyí sàn, ikú òjijì ló ń ṣọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lè ti ju ìdá 35 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde lẹ́yìn tó ti lo oògùn dáadáa fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà ń rò ó fún. Irú ẹ̀rọ kan wà, CRT, tó ń lo wáyà kẹta láti mú apá ọ̀tún àti apá òsì ọkàn súnkì pọ̀, ara àwọn kan sì máa ń yá nípa rẹ̀ gan-an. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, oògùn ò gbọdọ̀ dúró, iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ dínkù nínú ọbẹ̀. ECG tí wọ́n fi ń mọ bí ọkàn ṣe ń lù wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó àti EKSUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Adó. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wọ́n gan-an, ẹni tó bá sọ pé owó ni kò jẹ́ kí òun ṣe é, mi ò ní bá a jà.

Fóònù ò pa ẹni tó ní ẹ̀rọ láyà, kó ṣáà má fi sí àpò àyà. Kí ó jìnnà sí ẹ̀rọ tó sẹ̀ńtímítà 15, kó sì fi etí òdìkejì gba ìpè. Kí ó máa mú káàdì ẹ̀rọ náà dání, kó sì fi han àwọn tó bá fẹ́ ṣe MRI fún un, àyẹ̀wò tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ya àwòrán inú ara, kó tó wọlé, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ àyà ló lè wọ ibẹ̀.