Ẹ jẹ́ ká fi 130 rúpì Kamaraj sílẹ̀ ná

Bí ẹ bá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ òṣèlú Íńdíà lórí ayélujára, ẹ ó ti bá àwòrán ọkùnrin kan pàdé: ó dúdú, ó síngbọnlẹ̀, ó ní irùnmú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó sì ró aṣọ funfun mọ́dìí. K. Kamaraj ni. Ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán náà kì í yí padà. Ó ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Madras, tó di Tamil Nadu lónìí, fún ọdún 9. Nígbà tó kú, wọ́n ní 130 rúpì ni wọ́n bá nílé rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba aṣọ àti sálúbàtà. Ilé ọ̀hún gan-an, ó háyà rẹ̀ ni. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọn èèyàn á ti máa rọ̀jò àdúrà sábẹ́ rẹ̀: Olúwa, fún wa nírú èyí.

Èmi ò ṣe àmín.

Kì í ṣe pé mo kórìíra bàbá náà o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn ará ilé mi ti sú láti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a mú èyí tó rọrùn jù nínú ayé rẹ̀, a fi bo èyí tó le mọ́lẹ̀. Kò gbéyàwó, kò bímọ, kò sí ẹni tó ń retí ogún lọ́dọ̀ rẹ̀. Olóṣèlú tó kú láìní kọ́bọ̀ pọ̀ láyé, a ò kàn mọ orúkọ wọn ni, torí wọn ò ṣe nǹkan kan tá a lè fi rántí wọn. Èyí ṣe nǹkan. Ohun tó ṣe ni mo fẹ́ ká sọ.

Ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Virudhunagar, ìlú oníṣòwò ní gúúsù ilẹ̀ Tamil. Nadar ni ìran wọn. Láyé àtijọ́, ọ̀pẹ gígùn àti ẹmu dídá ni wọ́n mọ ìran yìí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ti di oníṣòwò nígbà tí wọ́n bí i. Bàbá tirẹ̀ ń ṣòwò àgbọn. Owó tí wọ́n ní kò sọ wọ́n di èèyàn lójú àwọn tó ń pe ara wọn ní ìran gíga. Wọn kì í jẹ́ kí Nadar wọ ilé òrìṣà. Ní 1899, ọ̀rọ̀ ilé òrìṣà yìí di ìjà ìgboro ní Sivakasi, tí kò jìnnà sí ìlú wọn. Wọ́n dáná sunlé, ẹ̀mí sì lọ.

Nadar ò jókòó máa sunkún. Ní Virudhunagar, bí obìnrin bá fẹ́ dáná, á kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan sọ́tọ̀. Wọ́n á gbà á jọ láti ilé dé ilé, wọ́n á tà á, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kshatriya Vidyasala, kí ọmọ má baà san kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni Kamaraj ti kàwé. Kò pẹ́ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6. Ìyá rẹ̀, Sivakami, ta ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ó fowó náà sọ́wọ́ oníṣòwò kan, èlé orí rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Kò tíì bàlágà tó fi kúrò nílé ìwé, ó lọ ń bá arákùnrin ìyá rẹ̀ tajà nínú ìsọ̀ aṣọ.

Mi ò ní fi àsìkò ìjà òmìnira dá yín dúró. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa àwọn èèyàn ní Jallianwala Bagh ní 1919 ló kó sínú ẹgbẹ́ Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Íńdíà, ó sì lo ju ọdún 8 lọ lẹ́wọ̀n bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Satyamurti ni ọ̀gá rẹ̀ nínú òṣèlú. Ní 1936, Satyamurti di alága ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà, ó fi Kamaraj ṣe akọ̀wé. Ní 1940, Kamaraj wọlé gẹ́gẹ́ bí alága, ọ̀gá wá di akọ̀wé ọmọṣẹ́. Wọn ò bá ara wọn jà. Ẹni tó bá mọ òṣèlú yóò mọ̀ pé ìyẹn ju ìtàn ẹ̀wọ̀n lọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀wọ̀n yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dì mú. Ó wà látìmọ́lé nígbà tí wọ́n dìbò yàn án ní alága ìgbìmọ̀ ìlú Virudhunagar. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó lọ síbẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí tó sọ ni pé kò yẹ kéèyàn gba ipò tí kò ní ráyè ṣe dójú àmì.

Ó di 1953. Rajagopalachari, tí gbogbo ayé ń pè ní Rajaji, ló ń ṣe ìjọba Madras. Brahmin ni, ìran àlùfáà tí wọ́n kà sí gíga jù, ọ̀mọ̀wé ni, ó ti ṣe Gómìnà Àgbà fún gbogbo Íńdíà rí. Ó ní kí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé máa kàwé fún wákàtí 3 lójúmọ́, kí wọ́n wá fi ìyókù kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ òbí wọn. Létí, ó dà bí ọgbọ́n. Ta ló kórìíra kọ́mọ mọ iṣẹ́ ọwọ́? Àmọ́ níbi tí ìran tí wọ́n bí ọ sí ti yan iṣẹ́ fún ọ títí dọjọ́ ikú, ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni pé ọmọ alágbàfọ̀ á padà sídìí aṣọ dídọ̀tí, ọmọ onígbàjámọ̀ á fárí, ọmọ adẹ́mu á gun ọ̀pẹ. Àwọn alátakò sọ ọ́ ní Kula Kalvi, ẹ̀kọ́ ìran-ẹni. Ariwo náà pọ̀ títí Rajaji fi sọ̀ kalẹ̀, Kamaraj sì gorí àga ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1954. Ó fagi lé ètò náà.

Ẹ wá wo bó ṣe to ìjọba rẹ̀. C. Subramaniam ni àwọn ọmọlẹ́yìn Rajaji fà kalẹ̀ láti bá a du ipò olórí. Kamaraj na án tán, ó tún mú un wọlé, ó gbé owó àti ètò ẹ̀kọ́ lé e lọ́wọ́. Ipò méjì tí gbogbo ètò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ dúró lé ló kó fún ẹni tó bá a du ìjọba! Ó tún mú B. Parameswaran, ọmọ àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́, ìran tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fara kan ẹlòmíì, ó fi í ṣe mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilé òrìṣà. Ẹ rò ó wò ná: àwọn àlùfáà tí kò jẹ́ kí bàbá ọkùnrin yẹn yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí báyìí.

Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó ń rìnrìn àjò, ó rí ọmọ kan tó ń da màlúù, ó bi í pé kí ló dé tí kò lọ sílé ìwé. Ọmọ náà ní, tí òun bá lọ, ṣé ìwọ lo máa fún òun lóúnjẹ? Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹnu ló ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, èmi ò ní jà sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ iléèwé lóúnjẹ ọ̀sán ní Ettayapuram, ó sì tàn ká ìpínlẹ̀ náà. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ro ó. Ìgbìmọ̀ ìlú Madras ti dán irú rẹ̀ wò ní iléèwé kan ní àdúgbò Thousand Lights láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 1920. Òun ló gbé e kúrò ní àdánwò. Ìjọba san apá kan, ó ní kí àwọn ará abúlé fúnra wọn gbé apá kejì. Ẹni tó kàwé ní iléèwé tí ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì ń gbé ró ló ronú bẹ́ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu rárá. Àti pé nílẹ̀ tí ẹlòmíì kò ti ní fẹnu kan oúnjẹ tí ẹni ìran kan sè, kíkó ọmọ oríṣiríṣi jókòó sórí ìlà kan kí wọ́n jọ jẹun, ogun ni, bí kò tilẹ̀ sí ìbọn níbẹ̀. Ó ṣí iléèwé sí abúlé tí kò ní, ó fún wọn láṣọ iléèwé, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́.

Àwọn ìsédò bíi Vaigai àti Sathanur wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Neyveli àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Perambur náà wà níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lè kà á tán fún yín. Owó ìjọba àpapọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi nìyí. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé ìgbìmọ̀ ìlú fa omi wọ ilé ìyá rẹ̀ ní Virudhunagar, ó gbọ́, ó ní kí wọ́n yọ ọ́, kí ìyá òun lọ pọn omi níbi tí gbogbo ará àdúgbò ti ń pọn. 120 rúpì ló ń fi ránṣẹ́ sí i lóṣù, kò sì jẹ́ kó wá gbé pẹ̀lú òun ní Madras. Àwọn èèyàn ń gbọ́ èyí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi ò lè pàdé. Arúgbó tó ta ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kí ọmọ má baà sùn lébi, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo! Bí òótọ́ ni, ọmọ náà ti àṣejù bọ̀ ọ́.

Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù tí mo kà sí i lọ́rùn wà ní 1963, òun sì ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń yìn ín jù. Ṣáínà ti na Íńdíà lójú ogun ní 1962, Congress ń pàdánù ìdìbò àtúnyàn. Kamaraj wá mú ìmọ̀ràn kan tọ Nehru, olórí ìjọba Íńdíà, lọ: kí àwọn àgbààgbà fi ipò ìjọba sílẹ̀, kí wọ́n padà lọ tún ẹgbẹ́ ṣe. Wọ́n gbà á wọlé, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Mínísítà ìjọba àpapọ̀ 6 àti olórí ìjọba ìpínlẹ̀ 6 sọ̀ kalẹ̀. Òun náà sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1963, láìpẹ́ ó di alága Congress fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó gòkè o. Nehru kú ní oṣù Karùn-ún 1964, ó darí ọ̀rọ̀ títí ipò olórí ìjọba fi kan Shastri. Shastri kú ní Tashkent ní oṣù Kìíní 1966, ó kó ẹgbẹ́ sẹ́yìn Indira Gandhi, obìnrin náà fi ìbò 355 sí 169 na Morarji Desai. Afọbajẹ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ gba ipò olórí ìjọba náà, ó kọ̀. Èdè Hindi, tí àwọn ará àríwá ń sọ, ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀.

Ta ló wá ń wo ilé? Bhaktavatsalam ló fi sórí àga ní Madras. Ní oṣù Kìíní 1965, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ sọ Hindi di èdè ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tamil tú síta, ọlọ́pàá yìnbọn, àwọn kan dáná sun ara wọn. Ìrẹsì tún wọ́n lójà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí abúlé wà ní Delhi, olú ìlú Íńdíà, ó ń fọba jẹ. Ọkùnrin tó ti fi àga ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀ torí kò ní ráyè fún un, ibi tó ráyè fún jù lọ ló tún fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Nehru ló fi ètò náà lé Desai, ọ̀kan nínú àwọn mínísítà 6 tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn, dànù, pé Kamaraj kàn jẹ́ irinṣẹ́ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó burú ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.

Ní 1967, ẹgbẹ́ DMK, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Tamil, gba ìpínlẹ̀ náà. Ní Virudhunagar, ìlú tí wọ́n ti bí i, P. Srinivasan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti wà lára àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìjà Hindi, fi ìbò 1,285 na afọbajẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi: nígbà yẹn, ọmọ ọdún 21 ló ń dìbò ní Íńdíà. Ọmọ tó jẹ́ ọdún 10 nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ọdún 21 ló pé ní 1967. Mi ò lè fi ìwé hàn yín pé àwọn ọmọ tó bọ́ ló dìbò lé e lọ. Ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fi ka ìwé ìròyìn, wọ́n sì kà á.

Ó padà sílé aṣòfin àpapọ̀ láti Nagercoil ní 1969. Congress pín sí méjì lọ́dún yẹn kan náà, Indira tó fi jẹ ọba wà lápá kan, òun wà lápá kejì. Ó kú lójú oorun ní Madras ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1975, nígbà tí Indira ti fi òfin pàjáwìrì de orílẹ̀-èdè. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fún un ní Bharat Ratna, oyè tó ga jù ní Íńdíà.

Láti 1967, Congress kò tíì ní olórí ìjọba ní ìpínlẹ̀ yẹn mọ́. Àmọ́ àwọn tó lé e lọ kò gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọ. M. G. Ramachandran, tó wà nínú DMK lọ́dún tí wọ́n na Kamaraj, sọ oúnjẹ náà di ńlá ní 1982 nígbà tó ń ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà. M. K. Stalin, tó ń ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, fi oúnjẹ àárọ̀ kún un ní 2022. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà pàṣẹ ní 2001 pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa se oúnjẹ fún ọmọ iléèwé ìjọba. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa kọ sábẹ́ àwòrán bàbá náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbèjà ohun tó ṣe ní 1963, mo ń retí yín nísàlẹ̀. Ẹ má kàn fi 130 rúpì dá mi lóhùn.