Kí ẹ tó kun ilé àtijọ́, ẹ ka àwọn tó ń gbé inú rẹ̀

Bí ìjọba kan bá ti ní òun fẹ́ sọ àárín ìlú àtijọ́ dọ̀tun, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà ara ògiri ò tíì tó nǹkan lójú mi, bẹ́ẹ̀ náà ni iná òpópónà. Ẹ sọ ibi tí aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé alájà yẹn máa wà fún mi, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí iṣẹ́ bá ti parí.

Ẹ wo Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́ Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil. Ní gbangba ibẹ̀ ni wọ́n ti ń na àwọn ẹrú nígbà kan, àwọn èèyàn tiwa sì wà lára àwọn tí wọ́n kó dé Bahia. Títí dòní, orúkọ àwọn òrìṣà wa ò kúrò lẹ́nu àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn. Nígbà tí àwọn olówó kó lọ, tí ilé ń wó, àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò rí já jẹ ló kù síbẹ̀. Àdúgbò yìí náà ni ẹgbẹ́ onílù Olodum ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi ibẹ̀ kún ogún àgbáyé lọ́dún 1985. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá lọ́dún 1992, wọ́n fún àwọn olùgbé lówó táṣẹ́rẹ́, wọ́n ní kí wọ́n kó jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló lọ. Ilé ọtí àti ìsọ̀ ohun ìrántí gba ipò wọn. Ìlù tí àlejò torí rẹ̀ wá, àwọn tó ni ín ni wọ́n lé! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Nígbà tó yá, àwọn ìdílé tó ṣẹ́ kù kó ara wọn jọ, wọ́n bá ìjọba fà á lábẹ́ òfin, àwọn kan nínú wọn sì ráyè dúró.

Ní Venice, ìlú orí omi ní Ítálì, ẹnikẹ́ni ò lé ẹnikẹ́ni. Ilé gbígbé ló ń di ilé àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí owó ilé sì ń ga ju apá òṣìṣẹ́ lọ. Nǹkan bí 175,000 èèyàn ló ń gbé erékùṣù àtijọ́ náà lọ́dún 1951. Nígbà tó fi máa di 2022, wọn ò pé 50,000 mọ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò 5 lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn, láwọn ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. N ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n owó ẹnubodè ò lè dá ìdílé kankan padà sílé.

Èyí tó wù mí jù ni Bologna, ní Ítálì kan náà. Lọ́dún 1973, owó tí ìlú mìíràn ì bá fi kọ́ ilé ìjọba sẹ́yìn odi, wọ́n dà á sórí àwọn ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ibẹ̀ má bàa kúrò. Ìjọba ìlú kọ́kọ́ fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ àwọn onílé, ariwo sì sọ. Wọ́n wá fẹnu kò sí àdéhùn: a ó bá ọ dá owó àtúnṣe, ìwọ náà ò ní gbé owó ilé kọjá iye tí a jọ sọ. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Kò sí idán níbẹ̀, ìwé àdéhùn ni.

Ọ̀nà míì wà ní Havana, olú-ìlú Cuba. Lọ́dún 1993, òfin fún ọ́fíìsì òpìtàn ìlú, tí Eusebio Leal ń darí, láyè láti máa ṣòwò òtẹ́ẹ̀lì, kí ó sì ná èrè rẹ̀ sí àárín ìlú àtijọ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣí àwọn kan nípò lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àlejò yẹn náà ló ṣe ibi ìtọ́jú aboyún àti ti arúgbó.

Nítorí náà, kí ìlú yòówù tó fọwọ́ sí irú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n kọ iye ìdílé àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò níṣẹ́ òkúta àti igi, kí àwọn náà wà lára àwọn tó ń tún ilé bàbá wọn ṣe. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n tún ìdílé kà. Bí iye náà bá já wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba àmì ẹ̀yẹ lé e lórí.