Ìpàdé Ìṣọ́wóná Ilé Wa

Àṣà tuntun ti wọ Abuja o. Níjọ́sí, bí tọkọtaya bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹnuure fún wọn, àǹkárá kan náà ni wọ́n á rán, wọ́n á lọ dúró sétí omi Jabi, wọ́n á ya fọ́tò. Ní báyìí, ìwé ìnáwó ni wọ́n ń gbé sórí Wọ́sáàpù. "Ìrẹsì mudu márùn-ún, a ti dín ₦1,200 kù. Ọlọ́run bùkún ọkọ mi!" (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, mudu ni kóńgò àwa ará òkè ọya.) Ọ̀rẹ́ wa kan gbé àwòrán ìkòkò ẹ̀wà síbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin léraléra, àwọn èèyàn ń kí i kú oríire bí ẹni pé ìyàwó ẹ̀ bímọ.

N kò ní kò nídìí. Kí Ààrẹ Tinubu tó sọ ní 29 Oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó ₦200. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti lé ní ₦500. Ní Oṣù Kẹrin 2024, iná àwọn ará Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní àwọn ó máa fún níná ogún wákàtí lójúmọ́, fò láti ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Nǹkan le, kálukú sì ń wá ibi tí yóò fi orí sí. Ibi tí èmi àti Ìyá Ìbejì forí sí ni ìpàdé.

Alaalẹ́ Sátidé la máa ń ṣe é ní pálọ̀ wa ní Kubwa. Èmi ni alága. Ìyá Ìbejì ni akọ̀wé, òun náà ni akápò, òun náà ni ayẹ̀wéwò, ẹ ti mọ iye agbára tó kù fún alága. A ó gbàdúrà, a ó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, lẹ́yìn náà la ó wá bi ara wa léèrè ẹni tó fi fáànù sílẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Ẹnì kan ti sọ níbìkan pé tọkọtaya tó bá ń wẹ̀ pọ̀ ń fi gálọ́ọ̀nù omi kan pamọ́ lójúmọ́. A dán an wò. Báfù wa kò gba ènìyàn méjì tó ti lé lógójì ọdún. Garawa dojú dé, a sì pe mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, padà kó gbé gálọ́ọ̀nù mẹ́ta wá.

Akọ̀wé tún gbọ́ pé tòmátì pọ̀ ní Mararaba. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ̀ pé láti Kubwa dé Mararaba, gbogbo Abuja lèèyàn ń là kọjá, tí yóò sì tún bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Nasarawa kó tó rí ọjà. A kúrò nílé ní aago méje àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán la wọlé. A rí ₦3,500 yọ lórí apẹ̀rẹ̀ kan, ó wọ ìwé. Epo tó jó dànù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya kò wọ ìwé.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ọkọ̀ yẹn kì í jẹ epo tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwọn tòmátì tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ ń dán bí ìyàwó ọ̀sìngín. Àwọn tìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọbẹ̀ fúnra wọn láti Kaduna wá. A lọ̀ ọ́, a sè é, a dín in títí ilẹ̀ fi ṣú, gáàsì ń hó ṣùù. A kó o sí fíríísà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n múná lọ, ọjọ́ méjì gbáko, jẹnẹrétọ̀ bá ń mu epo kí ọbẹ̀ olówó pọ́ọ́kú má baà kan. A gbé ẹran erin lérí, a ń fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti màlúù ló pabanbarì. Tọkọtaya mẹ́fà ló kówó jọ, a lọ sí Dei-Dei. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa, tí Háúsá ẹ̀ kò kọjá "nawa ne" (èló ni), dá owó fún Alhaji tó ni màlúù. Bàbá náà wò ó pẹ̀lú àánú. "Hajiya, wannan sa ne, ba kaza ba ce." Màlúù nìyí o, kì í ṣe adìẹ.

A rà á, wọ́n pa á, a tẹ́ tapólì sílẹ̀ nínú ọgbà ilé wa. Ẹnì kan gbé síkéèlì wá, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn wúrà. Ẹran ṣeé wọ̀n, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń pín ẹ̀dọ̀ kan sọ́nà mẹ́fà? Ta ló ni ìrù? Ta ni yóò gba ṣàkì, ta ni yóò gba fùkù? Àwọn tó ń pe ara wọn ní "ìyàwó wa" láàárọ̀ ti ń pe ara wọn ní "màdáàmù" lọ́sàn-án. Arákùnrin kan di abọ́dì mú, kò jù ú sílẹ̀, ó ní ìyàwó òun lóyún. Akọ̀wé wa dúró ti síkéèlì, ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ wa jẹ. Nígbà tí a tú àpò wa nílé, egungun tó wà ńbẹ̀ tó èyí tí a lè fi to màlúù mìíràn. Ilé méjì nínú mẹ́fà kò kí ara wọn mọ́ títí dòní. Ọ̀rọ̀ ìrù ni.

Ìyá mi fi owó gàárì tọ́ ọmọ mẹ́fà ní Ògbómọ̀ṣọ́. N kò rántí pé ó ya fọ́tò ìkòkò rí.

Ní Sátidé tó kọjá, a ṣe àròpọ̀ oṣù: a ti dín ₦14,700 kù. A pàtẹ́wọ́. Inú alága dùn, ó dìde, ó lọ ra súyà ₦6,000 ní ìkóríta, bó ṣe máa ń rà á ní Sátidé gbogbo, torí pé ìpàdé kì í gbẹ lásán. Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú bírò akọ̀wé.

"Mọ́mì, súyà yìí ńkọ́? Abẹ́ ibo ni kí n kọ ọ́ sí?"

Ìyá Ìbejì nu yájì kúrò lẹ́nu. Ó wojú mi, mo wo òrùlé.

"Lọ sùn."