Ọpọlọ kì í kú fin tá a bá sùn o

Mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń fọ́wọ̀ọ́dù káàkiri WhatsApp n'Ílọrin, pé tá a bá ti sùn ọpọlọ á kú fin bíi kọ̀ǹpútà tí wọ́n pa, nítorí náà kí ẹni tó ń ṣèdánwò má sùn rárá, irọ́ ni jàre. Lọ́dún 1994, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Wilson àti McNaughton, yẹ ọpọlọ eku wò: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọ ṣiṣẹ́ nígbà tó ń rìn, àwọn náà ló tún jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tó sùn, bí ẹni tún ń rin ọ̀nà yẹn lójú oorun. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣàpèjúwe gan-an ńkọ́? Èyí tí DeepMind, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbọ́n, kọ́ ní géèmù fídíò Atari, tí wọ́n kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 2015, ńṣe ló ń tọ́jú àwòrán géèmù tó ti gbá, mílíọ̀nù kan tó kẹ́yìn, á wá máa ṣà nínú ẹ̀ láìtò tẹ̀ léra, á máa fi kọ́ṣẹ́, tí wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò máàkì ẹ̀ á já wálẹ̀ burúkú. Àbúrò mi tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ní Tanke, lálẹ́ àkọ́kọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ kàn ń kú ṣáá, ó lọ sùn, nígbà tílẹ̀ máa mọ́ ọwọ́ ẹ̀ ti ń rọ̀ (ó ṣì padà gbá agbada ìyá oníwàrà ṣá).