Ẹ Yé Bi Èèyàn Pé Ẹran Dà

Inú ń bí mi, mi ò sì ní í fi pa mọ́ fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tí ò bá sí níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé obìnrin kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn níbí se oúnjẹ alẹ́, ó yà á ní fọ́tò, ó gbé e sórí Facebook. Àmàlà ni, ewédú, ọbẹ̀ ata, pọ̀nmọ́ ẹyọ méjì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ohun tá a jẹ lálẹ́ yìí nìyẹn o, Ọlọ́run ṣé." Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. "Ẹran dà?" "Àwẹ̀ wo lẹ̀ ń gbà?" Ẹnì kan tiẹ̀ ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀ ká lè dáwó ẹran fún un, ìyẹn ni wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí jù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti yọ fọ́tò náà kúrò.

Màá pè é ní Ìyá Ìbejì, torí kò rán mi níṣẹ́ pé kí n dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn tí àwọn ẹlẹ́nu mímú yẹn ò rí. Ewédú yẹn, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi jà á. Ẹni tó bá mọ ewédú, ojú lásán ló máa fi mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ lọ̀ máa ń hó bí omi ọṣẹ, á dán, á rí bákan náà láti etí àwo kan dé ìkejì. Èyí tí wọ́n bá fi ìjábẹ̀ jà, ẹ ó ṣì rí ewé wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, tẹ́ ẹ bá sì fi òkèlè bù ú, á fà tẹ̀lé ọwọ́ yín títí dé ẹnu. Irú ewédú tó wà nínú àwo yẹn nìyẹn. Ọbẹ̀ ata tó bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, epo ti là lójú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọn ò kánjú gbé e kúrò lórí iná.

Nínú gbogbo àwọn tó dá sí i, ẹnì kan ṣoṣo ló bi í pé báwo ló ṣe ṣe ewédú náà tí kò fi ṣá. Obìnrin yìí sì dá a lóhùn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ó ní ká já ewé kúrò lára igi rẹ̀, ká fọ̀ ọ́ títí tí ìsàlẹ̀ abọ́ ò fi ní ní yanrìn mọ́, pàápàá ewédú àsìkò òjò. Ká gbé omi díẹ̀ kaná, tó bá ti ń hó, ká ju kaún bíńtín sí i. Bíńtín o, torí tí kaún bá pọ̀, á máa korò lẹ́nu. Ká da ewé sí i, ká má sì dé e rárá, ewédú tí wọ́n bá dé lórí iná ló máa ń ṣá. Tó bá ti rọ̀, ká mú ìjábẹ̀, ká máa gún un mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò kíákíá kíákíá. Ìrú àti iyọ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Ohun gbogbo ló sọ, kò ní ká pàdé òun ní kọ̀rọ̀, kò ní ká sanwó. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ayamáṣe jáde, tá a bá ní báwo lẹ ṣe sè é, tẹ́ ẹ ó ní ká wá sí inbox ká wá san owó kíláàsì, ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.)

Mo mọ̀ pé ẹ ó pa òwe fún mi pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí. Ewédú ò mọ owó, ọwọ́ ló mọ̀. Ẹ fún olówó ní ewédú kó jà á, ẹ wá wo ohun tó máa gbé bọ̀.

Ti pọ̀nmọ́ tiẹ̀ ló dùn mí jù. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran, pé awọ lásán ni. Ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ awọ ní Zaria ní kí wọ́n ṣòfin tó máa fòpin sí jíjẹ pọ̀nmọ́, pé kò ṣara lóore, pé bàtà àti báàgì ló yẹ ká máa fi awọ ṣe? Ariwo ta. Gbogbo yín lẹ jáde, ẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kan pọ̀nmọ́ ti fọwọ́ kan Yorùbá. Ẹ ń ya fọ́tò pọ̀nmọ́ lóríṣiríṣi, ẹ ń fi dápàárá. Ìgbà wo ló wá di ohun ìtìjú nígbà tó délẹ̀ sínú àwo Ìyá Ìbejì?

Ta ni ò sì mọ bí ọjà ṣe rí? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí ẹni tó lọ sọ́jà tó padà wálé tí kò ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, iléeṣẹ́ NBS tó ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà sí 70,000, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń rà. Ẹ̀wà gbówó lórí lọ́dún náà débi pé gbẹ̀gìrì di ọbẹ̀ olówó. Ẹ ò rí i pé kò sí gbẹ̀gìrì nínú àwo Ìyá Ìbejì, ẹran lẹ̀ ń wá.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni oúnjẹ alẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi èèyàn pé ẹran dà. Oúnjẹ alẹ́ tí oòrùn ń ràn sí lára! Ìrẹsì díndín, dòdò, tọ̀lọ̀tọ̀lọ̀ tó tóbi ju àwo lọ, ẹ ó ní "ohun tá a jẹ lálẹ́ òní." Mo mọ ọ̀kan nínú yín. Oúnjẹ tó gbé jáde lọ́jọ́ Ajé, ìnáwó ló ti bù ú wálé lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbàgbé láti gbé ìdérí ike rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, bẹ́ẹ̀ fọ́tò bàbá olóògbé wà lórí ìdérí náà pẹ̀lú ọjọ́ ìsìnkú wọn. Bàbá ń wò wá. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun, èmi náà sì dákẹ́, torí oúnjẹ ìnáwó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ yẹn ni mi ò fẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé fọ́tò irú ti Ìyá Ìbejì wúlò fún mi ju ti gbogbo àwọn alásè ńláńlá lọ. Ìbéèrè tó le jù nínú ilé mi ni "kí la fẹ́ jẹ lálẹ́?" Aago márùn-ún ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, n kì í sì í mọ èsì rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti rí i tí obìnrin Ìjẹ̀bú kan ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, tó fi páńla dípò ẹran, èmi náà sì gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Rẹ́mọ ló fi ẹ̀bìrìpò hàn mí, kókò rírìn tí wọ́n pọ́n sínú ewé, èmi tí mo rò pé kókò kò ju ká sè é ká fi epo jẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Peckham nílùú London tó máa ń ya ewédú inú yìnyín ní fọ́tò fún wa, tó dì gbagidi bíi búlọ́ọ̀kù, títí tó fi máa yọ́ sínú ìkòkò. Ìyẹn gan-an máa ń jẹ́ kí n dúpẹ́ fún ewédú ọjà Bódìjà. Kò sí tọ̀lọ̀tọ̀lọ̀ nínú ìkankan wọn. Oúnjẹ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, oúnjẹ ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹsẹ̀ ń ro. Tí àwọn wọ̀nyí bá tijú kúrò lórí Facebook, ìdérí ike ìnáwó nìkan ló máa kù fún wa láti máa wò.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa ò sùn nítorí Hilda Baci, ọmọbìnrin tó dáná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ léraléra n'Ékòó. Iléeṣẹ́ Guinness World Records tó ń kọ àwọn àrà tó ta yọ lágbàáyé sílẹ̀ fọwọ́ sí wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 fún un, a jó, a yọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. A mọ bí wọ́n ṣe ń yin ẹni tó ń dáná nígbà tó bá wù wá.

Bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí, tí mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ pé kí gbogbo obìnrin àti ọkùnrin tó ń dáná gbé àwo alẹ́ wọn jáde, bó ti wù kó kéré tó, mo ní kí n kọ́kọ́ lọ ki Ìyá Ìbejì. Mo bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Mo ní kó má dá wọn lóhùn, kó gbé òmíràn jáde lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, pé èmi ni màá kọ́kọ́ kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, kì í ṣe ti àwọn ará Facebook o. Ta ló mọ̀ wọ́n?"

Ó wá tú u palẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó wà l'Ékòó rí fọ́tò náà. Kò pe ìyàwó, kò pe àbúrò rẹ̀. Owó ló fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì àbúrò rẹ̀, ogún ẹgbẹ̀rún náírà, ó sì kọ ọ́ sára owó náà pé kó fi ra ẹran fún àwọn ọmọ. Níbi iṣẹ́ ni alátì ti wọlé fún ọkùnrin náà. Nígbà tó dé lálẹ́, kò jà, kò pariwo. Ó ra ẹran màlúù nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ó yá, ya èyí náà ní fọ́tò."

Àwọn ọmọ jẹ ẹran náà. Bàbá wọn ò fẹnu kàn án. Ìyá Ìbejì ní òun ò lè jẹ níbẹ̀ náà.

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo jókòó, mo bá a ṣa ẹ̀fọ́ títí ó fi tán. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi ni pé a mọ òwe tó ní ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Ṣùgbọ́n ta ló ni fọ́tò ọbẹ̀? Obìnrin yìí ló já ewé, òun ló jà á, èéfín bọ́ sí i lójú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi hàn wá. Lójú ọkọ rẹ̀, àpò òun ló fi hàn. Mi ò lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ìyá mi, tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ kọjá láàárín àgbàlá wa nígbà tá a wà lọ́mọdé, wọn á máa fi àwo mìíràn dé e. Eṣinṣin ni mo máa ń rò pé wọ́n ń lé.

Àti ẹ̀gbọ́n yẹn pàápàá. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kà á mọ́ àwọn tó ń bèèrè pé ẹran dà, pé tiẹ̀ ló tiẹ̀ burú jù torí ó fi owó bèèrè. Nígbà tó tún yá, mo ní bóyá àánú àwọn ìbejì ló ṣe obìnrin náà, bóyá òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni lówó láìsọ ìdí. Mi ò mọ̀ ọ́n, n ò lè búra.

Nítorí náà mi ò lè sọ mọ́ pé kí ẹnikẹ́ni gbé àwo alẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ, ẹ̀yin ọkọ náà tẹ́ ẹ máa ń ka nǹkan tí mò ń kọ láìdá sí i, ẹ sọ fún mi: tí ìyàwó yín bá gbé irú àwo yẹn jáde lálẹ́ òní, kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó bá sì fẹ́ wá sọ pé Ìyá Ìbejì ni ò gbọ́n, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, màá pa ohun tó bá kọ rẹ́.