Kí a Tó Tún Kọ́ Ilé Mìíràn sí Ọgbà Fásitì

Ìdúró wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòroó sọ. Kò yẹ kí fásitì ìjọba kankan ní Èkìtì tún fi ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀ títí yóò fi fi han aráàlú iye tí iná ń jẹ ní ilé kọ̀ọ̀kan, iye tó yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn ilé tó ti wà nílẹ̀, àti ẹni tí a ó dì mú nígbà tí òrùlé bá ń jò. A mọ̀ pé yóò korò létí àwọn kan. Ilé tuntun ni gíwá fi ń jẹ́ kí wọ́n rántí òun, òun náà ni gómìnà àti mínísítà ń wá gé ríbọ́ọ̀nù sí. Ẹnikẹ́ni kì í gé ríbọ́ọ̀nù nítorí pé wọ́n kó ewé kúrò nínú gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ iná ní fásitì kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì ní ìpínlẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE, fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Èkìtì, tú jáde sí títì ní Ọ̀yẹ́ nítorí pé òkùnkùn ti sú wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìbọn ti dún, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti bọ́. Àwọn òbí tó rán ọmọ lọ kàwé gba òkú. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti mú wa jókòó sórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún náà.

Láti ìgbà yẹn, wàhálà náà ti yí ojú padà. Nígbà náà, iná tí kò sí là ń sunkún sí. Lónìí, iná tó wà gan-an ti di ohun ẹ̀rù. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúnìtì kan (ìyẹn 1,000 wáàtì fún wákàtí kan) kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí iná fún lójúmọ́. Àwọn gíwá káàkiri orílẹ̀-èdè figbe ta. Epo dísẹ́ẹ̀lì tí à bá sá lọ bá kò rọrùn láti rà rárá. Nítorí náà, ibi tí ọ̀pọ̀ fásitì ń forí lé ni kí wọ́n máa pa iná ní agogo kan, kí wọ́n sì máa fi owó kún owó iléèwé. Akẹ́kọ̀ọ́ á sanwó sí i, á sì tún jókòó sínú òkùnkùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: iná tí à ń rà gan-an, báwo la ṣe ń ná an? Ẹ mú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní ogójì iná gígùn alátijọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 40 wáàtì. 1,600 wáàtì nìyẹn. Bí a bá fi LED oní-wáàtì 18 rọ́pò wọn, ó di 720. Bí iná bá tàn fún wákàtí mẹ́jọ, yúnìtì méje ló bọ́ sílẹ̀ lójúmọ́, nǹkan bíi 1,580 náírà ní iye Band A yẹn, nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń rí ojú pátákó dáadáa. Ẹ wá lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ amúlétutù oní-1.5 hp tí ọ̀gá kan fi sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí kò sì padà wá títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí iná bá ṣojú fún un tí kò lọ, yóò jẹ ju ogójì yúnìtì lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà àti jù bẹ́ẹ̀ nìyẹn, láti fi tu àga àti fáìlì lára. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà fásitì mọ̀ pé a kò pa àlọ́.

Ta ló fẹ́ mú un? Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, ibi tí wáyà ti wọlé nìkan ni mítà wà. Bíìlì á dé, búsà tó ń bójú tó owó fásitì á wò ó, á mí kanlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí owó á ti jáde. Kò mọ̀ bóyá yàrá ìwádìí ló jẹ ẹ́, tàbí hósítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń fi hótípléètì se ẹ̀wà, tàbí ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹnìkan fa wáyà sí láti ẹ̀yìn ilé. (A kò ní dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi jù lórí ẹ̀wà o, iye tí wọ́n ń ta gáàsì ń kọ́, gbogbo wa ló mọ̀.) Mítà fún ilé kọ̀ọ̀kan ni ká kọ́kọ́ rà. Ẹ kọ iye tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jẹ lóṣù sí ojú pátákó níwájú ọ́fíìsì díìnì, kí ẹ wo bí ẹ̀rọ amúlétutù òpin ọ̀sẹ̀ yóò ṣe dákẹ́.

Ìtọ́jú ni gbòǹgbò rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtìjú wa sì pọ̀ sí. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ń jò nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ẹ wo ìrìn tí ìròyìn rẹ̀ máa ń rìn. Olórí ẹ̀ka á kọ mẹ́mò sí díìnì. Díìnì á fọwọ́ sí i, ó di ọ́fíìsì gíwá. Gíwá á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí wọ́n wò ó, á lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ àti ilé. Ẹni tó wà níbẹ̀ á wá wò ó, á kọ iye tí yóò ná wọn, ìwé á gbéra padà sọ́dọ̀ búsà, búsà á ní owó ìdá mẹ́rin ọdún yìí ti tán. Wáṣà rọ́bà kékeré ló bàjẹ́ o. Kí mẹ́mò tó parí àrìnká rẹ̀, omi ti mu ògiri, ó ti kan wáyà, ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti di títì pa, àwọn ọmọbìnrin tó wà ní hósítẹ́ẹ̀lì náà sì ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri. Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Agbaṣẹ́ṣe ni alángbá tiwa: ohun tí púlọ́ńbà kan ì bá fi ìdajì wákàtí ṣe ti di kọ́ńtíráàkì àtúnkọ́ ilé, ó ti wọ inú ìwé ìṣúná, ó ti ní ìpín tí oníkálukú fẹ́ jẹ nínú rẹ̀. Wáṣà kò ní ìpín nínú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń yára.

Àti pé púlọ́ńbà náà dà? Nígbà kan, fásitì ní káfíńtà tirẹ̀, ẹni tó ń ṣe iná, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ẹni tó mọ ibi tí páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀ láìwo ìwé. Wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjọba sì fòfin de gbígba òṣìṣẹ́, ìmọ̀ wọn bá wọn lọ sílé. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ti 2022 tún dá kún un. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀pọ̀ fásitì wà ní títì. Ilé tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, àdán àti ikán ni onílé rẹ̀. Bátìrì tí kò sẹ́ni tó bu omi sí kú síbẹ̀, àwọn tó padà wá sì bá yàrá ìwádìí bí ẹni bá àlàpà.

A kò bá TETFund jà, àpò ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́. Láti 2011 tí òfin rẹ̀ ti jáde, owó orí tí àwọn iléeṣẹ́ ń san sínú àpò rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fásitì wó palẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n owó náà fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì. Ó ń kọ́ gbọ̀ngàn, ó ń kó àga sí i, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ lé fásitì lọ́wọ́, fásitì kò sì ní owó tí yóò fi pààrọ̀ gíláàsì tó bá fọ́. Àwọn ilé tuntun náà tún ní àrùn tiwọn. Ilé àtijọ́ ní lúfà, atẹ́gùn ń gba apá kan wọlé ó ń gba apá kejì jáde, òrùlé yọ síta tó bo ògiri lọ́wọ́ oòrùn. Ti ìsinsìnyí, wíńdò aláfàsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló lè ṣí, òrùlé kò yọ síta, igi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n gé kí fọ́tò lè mọ́. Ooru á wá mú àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní dandan ni kí wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàwòrán ilé ni bíìlì iná ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yóò ní ṣebí oòrùn wà. Ó wà, a sì fẹ́ ẹ. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò iná fún fásitì tí wọ́n pè ní Energizing Education Programme, tí REA, àjọ tó ń rí sí iná ìgbèríko, ń bójú tó, èyí tí wọ́n ṣe fún fásitì ìjọba àpapọ̀ 37 àti ilé ìwòsàn olùkọ́ni méje. Ní 2019, ó dé Bayero University ní Kano pẹ̀lú iná alápapọ̀ oòrùn àti jẹnẹrétọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 7.1. Ohun méjì ni kí ará Èkìtì fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, fásitì EKSU tó wà ní ojú ọ̀nà Ìwòròkò l'Ádó àti fásitì BOUESTI tó wà lẹ́bàá òkè Olósùnta ní Ìkẹ̀rẹ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ètò náà kò kàn wọ́n. Èkejì, páńẹ́lì tí a bá gbé lé orí ilé tó ń fi iná ṣòfò, ìlọ́po méjì la ó rà láìnídìí, bátìrì rẹ̀ yóò sì kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo àwọn òpó iná oòrùn tó wà lójú títì wa. Mélòó ló ṣì ń tàn nínú wọn?

Ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè sọ pé ọwọ́ òun kò tó o mọ́. Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹta 2023 àti òfin iná mànàmáná tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún náà ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gba àkóso ọ̀rọ̀ iná lọ́wọ́ NERC ní 2024. Ní Adó ni wọ́n yóò ti máa jókòó sọ iye tí a ó san. Kí wọ́n jẹ́ kí iléèwé tó bá dín ìnákúnàá rẹ̀ kù rí èrè kan jẹ lára bíìlì rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lè ta iná oòrùn tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi fún àwọn ará àdúgbò.

Àwọn fásitì náà kò gbọ́dọ̀ dúró de Àbújá. FUOYE ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìkọ̀lé, EKSU ń kọ́ wọn l'Ádó. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, kiri, àwọn mìíràn ń lọ jókòó ti ẹni tó ń tẹ ìwé. Ẹ fi díẹ̀ nínú wọn sínú ọgbà. Kí wọ́n ka iná, kí wọ́n yẹ wáyà wò, kí wọ́n wo ibi tí omi ti ń jò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ wọn sì fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀. Kí gíwá fún ẹ̀ka iṣẹ́ ní owó kékeré tó lè ná láìkọ mẹ́mò sí ẹnikẹ́ni, kí ó sì gba púlọ́ńbà padà.

Ní ti ilé tuntun, àbá tiwa ni pé kí wọ́n ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní, sínú àpò tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn fún ohun mìíràn àyàfi ìtọ́jú ilé náà. Bí owó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè yọ èyí, ká dín yàrá méjì kù nínú ilé náà. Àwọn aṣòfin wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni yóò kọ́kọ́ ní àyè láti ṣe é. Nígbà tí EKSU àti BOUESTI bá gbé ìṣúná wọn wá síwájú wọn, kí wọ́n bèèrè ìwé ìtọ́jú ilé kí wọ́n tó ṣí ojú ìwé tí ilé tuntun wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n dá a padà.